Kí Ẹ Tó Sọdá sí Gberefu: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Gbé Mọ́tò Sí Létí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Àgbọn ni mò ń tà létí ọ̀sà Àgbádárìgì, àgbọn àti omi tútù, pẹ̀lú bisikíìtì nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń wá wo ìlú. Láti ìdí tábìlì mi, mò ń rí gbogbo mọ́tò tó bá wọlé. Àwọn tó gbé e wá á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bá ọlọ́kọ̀ ojú omi dúnàádúrà, ó di òdìkejì. Erékùṣù Gberefu ni wọ́n ń lọ yẹn, láti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Mọ́tò kì í bá wọn sọdá. Èmi àti mọ́tò la jọ máa ń jókòó síhìn-ín.

Ohun tí ojú mi ti rí ni mo kọ síbí. Bàbá àwọn ọmọ mi, mọ́kálíìkì ni, òun ló bá mi yẹ ibi tó kan ẹ́ńjìnnì àti táyà wò. Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ kò bá ṣe sí mọ́tò kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é láti Gberefu. Bí mọ́tò bá ń ké níhìn-ín pé ẹnì kan ń fa ilẹ̀kùn òun, ìgbì òkun nìkan lẹ ó máa gbọ́ lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà àtiwọlé

Ẹ tètè kúrò nílé. Ẹni tó bá ti gba títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì láti Mile 2 rí mọ̀ pé Òkókómáíkò nìkan lè jẹ èèyàn ní wákàtí kan, ká má tíì sọ Àgbàrà tí tírélà àwọn ilé iṣẹ́ ti ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Ẹni tó bá gbéra ní aago mẹ́wàá, ọ̀sán gangan ló máa dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà yẹn gbogbo ibi tó dáa ti kún, ebi ti ń pa àwọn ọmọ, inú ń bí ìyá wọn, ibi tó bá kọ́kọ́ rí ló máa ju mọ́tò sí. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ìsinmi ìjọba, àsìkò Kérésì àti ti Iléyá ló burú jù. Bí ẹ bá lè wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, ẹ ó gbádùn wa. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ará ìlú bóyá ọjọ́ náà kò bọ́ sí ọjọ́ ọjà Àgbàlátà, nítorí àwọn tó ń kó ẹrù ọjà kò ní fi ẹ̀gbẹ́ títì sílẹ̀ fún àlejò.

Ẹ kó ìwé mọ́tò dání, gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà ibodè lẹ wà, Sẹ̀mẹ̀ ló parí sí, nítorí náà kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá ló ń dúró lójú ọ̀nà yẹn. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ tòkunbọ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò, kó má jẹ́ pé ilé ni ẹ ó ti máa ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ní ràǹdábáòtù Àgbádárìgì, ẹ yà sínú ìlú, sí apá ọ̀sà. Ẹni tó bá gbàgbé tó ń bá títì lọ, ibodè ló dojú kọ yẹn. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ rọra: ọ̀nà há, ọ̀kadà pọ̀, ewúrẹ́ wa kò sì mọ fèrè mọ́tò.

Ibi tí mọ́tò kò gbọdọ̀ dúró

Ẹ̀yin ará Èkó fẹ́ràn ibòji, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbé ojú sókè kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ igi àgbọn ló ń fún yín ní ibòji, ẹ sún kúrò níbẹ̀. Èmi tí mò ń ta àgbọn, n kì í jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àgbọn tó ti gbó kì í kìlọ̀ kó tó já, imọ̀ rẹ̀ tó bá gbẹ náà wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Mo ti rí i tó fọ́ gíláàsì iwájú Corolla kan wẹ́wẹ́ nígbà tí onímọ́tò wà ní Gberefu tó ń ya fọ́tò pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ta ni ẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ẹ wo ilẹ̀ náà: bí ẹ bá rí èèpo àgbọn àti imọ̀ gbígbẹ káàkiri, igi ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Igi máńgòrò kò lè fọ́ gíláàsì, àmọ́ oje rẹ̀ máa ń jẹ ọ̀dà mọ́tò, àwọn ọmọ tó bá sì ń ju òkúta sókè láti já èso rẹ̀ kò ní wo ibi tí òkúta ń bọ̀ sí.

Ibòji ògiri ló dáa jù. Oòrùn á ti yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ láti Gberefu, nítorí náà apá ìlà-oòrùn ògiri ni kí ẹ wà. Á gbóná láàárọ̀, kò burú, ẹ kò sí nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí ẹ bá padà, ibòji á ti bò ó.

Ilẹ̀ etí ọ̀sà ní ẹ̀tàn. Koríko á hù lórí rẹ̀, á dà bí pápá tó le, yanrìn rírọ̀ ló wà lábẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí gìgísẹ̀ bá wọlé, táyà á wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ bá rí ojú ọ̀nà táyà àwọn mọ́tò mìíràn tó jin, tí pákó tàbí òkúta sì wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ti há níbẹ̀ rí, wọ́n ti fi pákó yẹn yọ ọ́.

Ẹ tún wo ibi tí omi ń dé. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé òjò ìlú wa nìkan ló ń mú ọ̀sà kún. Rárá o. Odò Yewa ń ṣàn láti òkè wá sínú ọ̀sà yìí, odò Ouémé náà láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń gba ọ̀sà Pọ́tónóvò bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ojú ọ̀run lè mọ́ gaara lọ́dọ̀ wa kí omi sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí pé òjò ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ẹ wá ìlà tí koríko omi àti pàǹtírí fi sílẹ̀ lórí yanrìn tàbí lára ògiri. Ibẹ̀ ni omi dé kẹ́yìn. Ẹ gbé mọ́tò kọjá ìlà náà dáadáa, sí apá ìlú.

Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ sí ọ̀sà, ẹ má gbé mọ́tò síbẹ̀ bí ibòmíràn bá wà. Bí kò bá sí, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń wa ọ̀tọ́má, bíréèkì ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ fà, kó tó wá gbé gíà sí P. Ẹni tó ń wa mánúà, kó fi í sí gíà kìíní bí imú mọ́tò bá kọjú sókè, kó fi í sí rìfáàsì bí ó bá kọjú sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá òkúta ńlá tì sábẹ́ táyà ní apá ọ̀sà, kí ẹ sì yí táyà iwájú kí mọ́tò lè fì sí apá tí kò sí omi bí ó bá yẹ̀. Ojú lè máa tì yín láti gbé òkúta níwájú èèyàn. Ẹ gbé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn onílé. Etí ọ̀sà tí ẹ̀yin ń rí bí ibi ìgbafẹ́, ibi iṣẹ́ ni fún àwọn apẹja. Ibi tí wọ́n ti ń fa ọkọ̀ wọn gòkè, ibi tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí, ẹ má gbé mọ́tò dí i. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi. Awakọ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn apẹja ti òkun dé pẹ̀lú ẹja, kò sí bí wọ́n ṣe lè fa ọkọ̀ wọn sókè. Nígbà tí awakọ̀ yẹn dé, àwọn àgbà ló bá a bẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà tàbí yí ibì kan ká, ibi ọlọ́wọ̀ ni, ẹ má ṣe fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé Zangbeto jáde lọ́jọ́ tí ẹ wá, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má fun fèrè. Ẹ̀ṣọ́ òru àwa Ògù, tí ẹ̀ ń pè ní Ègùn, ni, òun ló ni ọ̀nà nígbà yẹn. Àwọn èwe tó ń tẹ̀ lé e á sọ ìgbà tí ẹ lè máa lọ.

Ẹ má ṣe dí géètì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n parí ní 1845. Ojoojúmọ́ ni àlejò ń wọ ibẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gbé e wọlé

Ìdí mọ́tò ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí imú rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Àárọ̀ lẹ ní sùúrù. Nígbà tí ẹ bá padà, ó ti rẹ̀ yín, yanrìn wà nínú bàtà, àwọn ọmọdé ń sá kiri, ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Ìgbà yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ máa wo ẹ̀yìn láti fi rìfáàsì jáde láàárín èrò.

Àwọn ọmọ àdúgbò á sáré wá júwe fún yín. Wọ́n ń ṣe dáadáa, àmọ́ tí mẹ́ta bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan ní "ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀", tí èkejì ní "ẹ gé e sọ́tùn-ún", tí ẹ̀kẹta ní "ẹ nà án", ẹ dúró. Ẹ mú ẹnì kan. Kó dúró sí ibi tí ẹ ó ti máa rí i nínú dígí ẹ̀gbẹ́. Ìgbàkígbà tí ẹ kò bá rí i mọ́, ẹ tẹ bíréèkì, nítorí ó lè ti bọ́ sí ẹ̀yìn mọ́tò gan-an.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tí kò ní sọdá sórí ìwé, kí ẹ fi í sí abẹ́ gíláàsì iwájú. Bí kò bá sí ẹni tó ń dúró, ẹ wá sọ fún ẹnì kan tó ń tajà nítòsí pé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò báyìí-báyìí. A mọ bí a ṣe ń ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi.

Owó àti ẹni tó ń gbà á

Ẹ kí wọn ná. "Ẹ kú iṣẹ́ o" kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ti dín owó kù lójú mi láìmọye ìgbà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: èló ni, ta ló ń gbà á, ṣé títí a ó fi dé ni àbí wákàtí ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo déètì tó wà lórí rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹlòmíràn bá tún dé tó ní òun ló yẹ kóun gba owó, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kí òun àti ẹni àkọ́kọ́ lọ yanjú rẹ̀, kí ẹ̀yin dúró títí wọ́n á fi parí. Bí kò bá parí, mọ́tò yín ṣì ṣeé wà lọ síbòmíràn.

Fún ẹni tó bá ní òun á máa ṣọ́ mọ́tò láìsí tíkẹ́ẹ̀tì, èyí ni ìmọ̀ràn mi: ìdajì owó nísinsìnyí, ìdajì nígbà tí ẹ bá dé. Ẹni tí owó rẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ yín kò ní lọ jẹ ẹ̀bà gbàgbé mọ́tò. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́, àní bí ó bá ní òun fẹ́ sún un síwájú díẹ̀ kí àwọn mìíràn lè ráyè. Ẹ sún un fúnra yín kí ẹ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ fífọ mọ́tò náà wà ńbẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó sì lọ láìdáhùn, á padà bá mọ́tò tó ń dán, á sì bá gbèsè.

Ohun tó wà nínú mọ́tò, àti kọ́kọ́rọ́

Ẹrù tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ sínú búùtù, ẹ ti kó o síbẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ dúró ní ilé epo níwájú, kí ẹ ṣètò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí búùtù níwájú gbogbo èèyàn, tó tẹ́ lápútọ́ọ̀pù sábẹ́ aṣọ, tó wá pa á dé, ó ti fi ibẹ̀ han ẹni tó ń wá a. Ẹ yọ wáyà fóònù kúrò níwájú pẹ̀lú. Wáyà láìsí fóònù ń sọ pé fóònù wà nítòsí.

Ẹ kó láítà tí ẹ fi ń tan iná, ìpara onífínfín àti páwà báǹkì tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù kúrò lójú oòrùn, wọ́n lè bú gbàù nínú mọ́tò tí wọ́n tì pa. Ẹja tí ẹ rà lọ́jà, ẹ ra á nígbà tí ẹ bá ń padà lọ, àfi bí ẹ bá fẹ́ gbé òórùn rẹ̀ dé Ìkejà.

Kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Kọ́kọ́rọ́ ayé òde òní ní báńtìrì nínú, omi ọ̀sà kò sì dára fún un. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, kọ́kọ́rọ́ já bọ́ láti inú àpò àyà. Ó rí i mú, àmọ́ mọ́tò kò dá a lóhùn mọ́. Alẹ́ lẹ́ bá wọn lẹ́bàá tábìlì mi, kí ẹlòmíràn tó gbé kọ́kọ́rọ́ kejì wá láti ilé. Nítorí náà, ẹ di í sínú ọ̀rá méjì, ẹ ta á ní kókó, kí ẹ fi í sí àpò tó ní síìpù. Bí ẹ bá ní kọ́kọ́rọ́ kejì, kí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí omi bá sì kàn án, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ láti dán an wò. Ẹ yọ báńtìrì rẹ̀, ẹ nù ún, ẹ fi sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Ọ̀pọ̀ irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ní irin kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀ tó lè ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wá a mọ̀ nílé.

Ẹni tó bá fẹ́ dúró nínú mọ́tò

Kò sí ọmọdé tó gbọdọ̀ dúró. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í ṣe nítorí pé ó ń sùn. Bí gíláàsì bá wà ní títì, láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, inú mọ́tò tó wà lójú oòrùn lè fi nǹkan bíi díígírì 10 gbóná ju bó ṣe wà lọ, ara ọmọdé sì ń tètè gbóná ju ti àgbàlagbà. Dídá gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀ kò yí i padà. Bí ẹ bá wà lọ́pọ̀, ẹ ka àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnì kan sì rìn dé àga ẹ̀yìn pátápátá nínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tó bá sùn lórí àga ẹ̀yìn kì í dáhùn nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ.

Àwọn awakọ̀ tó ń dúró sun, mo bẹ̀ yín, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì àti éàsì kí ẹ sì pa gbogbo gíláàsì dé. Èéfín burúkú kan wà nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Paípù èéfín tó bá lu níbì kan tàbí tí yanrìn dí lè mú un wọlé, ẹni tó ń sùn kò sì ní jí. Ẹ wá jókòó lọ́dọ̀ mi, afẹ́fẹ́ ọ̀sà wà, ẹ kò sì níláti ra nǹkan kan. Bí ẹ bá rà, mo dúpẹ́.

Àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn

Bí ìyá àgbà tàbí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bá wà pẹ̀lú yín, ẹ wakọ̀ dé iwájú èbúté kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí mọ́tò tó lọ wá ibi tó máa dúró. Ilẹ̀kùn wọn ni kó kọjú sí ilẹ̀ tó le, kó má kọjú sí ọ̀nà ọ̀kadà. Kí ẹnì kan bá wọn dúró. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ létí omi láwọn nìkan.

Mo tún fẹ́ sọ òótọ́ kan tí àwọn tó ń pe èrò kì í sọ: ọ̀nà Gberefu, yanrìn ni. Láti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ẹ ó kọjá kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, ẹ ó sì máa rìn lọ títí dé etí òkun. Táyà kẹ̀kẹ́ arọ kò yí nínú yanrìn yẹn, orúnkún tó ń dùn náà kò fẹ́ ẹ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró sí apá ọ̀dọ̀ wa, ohun tó wà níhìn-ín tó í wò fún ọjọ́ kan: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mobee, ilé Seriki Abass tí wọ́n ti ń ti àwọn ẹrú mọ́lé, ọjà ẹrú Vlekete, àti òpó ìrántí ibi tí igi Àgíà wà, níbi tí wọ́n ti wàásù ẹ̀sìn Kristi ní 1842. Igi náà wó ní 1959. Mọ́tò lè gbé wọn dé itòsí gbogbo ìwọ̀nyí.

Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ilé ìwé, ẹ má gbìyànjú láti yí padà létí ọ̀sà. Ẹ sọ àwọn ọmọ kalẹ̀, ẹ jáde lọ dúró sí ibi tó fẹ̀ nínú ìlú, kí olùkọ́ pè yín nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá ń padà bọ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà

Lórí omi, nǹkan díẹ̀ ni mo ní í sọ. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì agbéniléfòó, kí ẹ so okùn rẹ̀, ọmọ kékeré kí ó wọ èyí tó bá a mu. LASWA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ọ̀nà omi, kò fọwọ́ sí ìrìn òru lórí omi, nítorí náà ẹ bá ọlọ́kọ̀ yín ṣàdéhùn aago tí ó máa padà wá kó yín. Aago mẹ́rin ni èmi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi. Ẹ kò ní í bá òkùnkùn wa mọ́tò jáde nìyẹn.

Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ yí mọ́tò ká. Ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ wa fẹ́ràn abẹ́ mọ́tò tó tutù, àwọn ọmọ wa náà máa ń bá bọ́ọ̀lù wọ ibẹ̀. Ẹ yọ òkúta tí ẹ tì sí táyà, kí ẹ gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí ooru jáde, lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ wọlé. Kí gbogbo ọmọ wà nínú mọ́tò kí mọ́tò tó mi.

Bí mọ́tò bá há sínú yanrìn, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n tẹ iná. Òun gan-an ló ń rì í. Táyà á máa yí lójú kan, á gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, títí abẹ́ mọ́tò á fi jókòó sílẹ̀, nígbà yẹn àfi kí wọ́n gbé e. Bí ẹ bá ti rí i pé kò lọ, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tàbí páànù ko yanrìn kúrò níwájú àwọn táyà tó ń fa mọ́tò, kí ẹ nà án títí yóò fi dà gẹ̀rẹ́. Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀: bí ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ bá wà ní 32 (PSI), ẹ mú un wá sí bíi 20. Táyà á fẹ̀ sílẹ̀, á tẹ yanrìn dípò kó gún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ti kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò, pákó tàbí imọ̀ àgbọn tútù sábẹ́ táyà. Imọ̀ àgbọn ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì ní in dáadáa. Kí sítíárì dúró gbọọrọ. Gíà kejì ni kí ẹ fi gbéra, ẹ fi í lọ jẹ́jẹ́, má dúró títí ẹ ó fi dé ilẹ̀ líle. Àwọn tó bá ń tì í, ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n ti tì í, kí ẹnikẹ́ni má dúró lẹ́yìn táyà, nítorí pákó lè ta jáde lábẹ́ rẹ̀ bí ọta. Bí mọ́tò bá ń padà sẹ́yìn sí ọ̀sà nígbà tí wọ́n ń tì í, kí gbogbo wọn fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mọ́tò ṣeé rà.

Mo ti rí i tí àwọn ọ̀dọ́ fi ọ̀nà yìí yọ bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún láìsí tírélà afàmọ́tò. Ẹ fún wọn ní nǹkan mu.

Bí nǹkan bá kọjá agbára, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún pàjáwìrì, 122 sì ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ kọ wọ́n sínú fóònù ẹni méjì kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹni tó bá tú afẹ́fẹ́ táyà gbọ́dọ̀ tún un fẹ́ kó tó wọ títì márosẹ̀. Táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ á gbóná lórí ìsáré, ó lè bẹ́ kí ẹ tó dé Àgbàrà. Àwọn fọ́kánáísà wà nínú ìlú kí ẹ tó dé ràǹdábáòtù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tó wà nínú búùtù.